Àdúgbò Kì í Ṣe Orúkọ Orin

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀ṣẹ̀ tiwa. Àwa mẹ́ta la jọ ń kọ kóòdù nínú yàrá kan ní Yaba. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a ṣe áàpù kékeré kan tí àwọn olórin tí kò ní ilé-iṣẹ́ lẹ́yìn lè fi kó iṣẹ́ wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fọ́ọ̀mù inú rẹ̀ kò le rárá: orúkọ orin, orúkọ olórin, ọjọ́ tó jáde, àwòrán iwájú rẹ̀, àti irú orin tó jẹ́. Níbi irú orin, a kọ nǹkan mọ́kànlá sílẹ̀ kéèyàn mú ọ̀kan. Afrobeats wà níbẹ̀. Fújì, jùjú, gospel, hip-hop, amapiano, gbogbo wọn wà níbẹ̀. Ìkọkànlá ni "Òmíràn". A ò bi olórin kankan léèrè. Àwa la jókòó lálẹ́ ọjọ́ kan, tí a ń fi búrẹ́dì jẹ ẹ̀wà àgànyìn, tí a sì pín gbogbo orin ayé sí ọ̀nà mọ́kànlá.

Ọmọkùnrin kan wá bá wa láti Mushin lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Laptop ọwọ́ rẹ̀, bọ́tìnì mẹ́rin ti yọ lára rẹ̀. Orin mẹ́tàdínlógún ló kó sójú kan nínú rẹ̀. Ó tẹ ọ̀kan. Ohùn ìyá ọlọ́jà kan ló kọ́kọ́ jáde, ó ń bínú sí oníbàárà tó ná ọjà tí kò rà á. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin náà tún padà wá, ó tún padà wá, fèrè fọn, ìlù já lù ú, ọmọ náà pariwo orúkọ ara rẹ̀ láàárín, ìlù tún já. Kí a tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ẹsẹ̀ wa ti ń jó lábẹ́ tábìlì. Ó ní, "Mara nìyẹn."

Nígbà tó dé ibi irú orin, ó wo nǹkan mọ́kànlá náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó tún wò ó. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èwo ni kí n mú?"

A ní kó mú "Òmíràn".

Kò bá wa jà. Ó mú un. Nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìgbà náà, a wà níbi ìgbéyàwó kan ní Surulere, DJ sì tẹ orin kan. Ohùn ìyá ọlọ́jà yẹn náà ni, ìlù yẹn náà ni, àmọ́ ẹnì kan ti kọrin lé e lórí, ó ti fún un ní orúkọ tuntun, ó sì ti gbé e jáde gẹ́gẹ́ bí Afrobeats. Ibi tí ọmọ Mushin ti pariwo orúkọ ara rẹ̀, wọ́n ti gé e kúrò. Nígbà tí a bi í léèrè, ó ní òun ti pe ẹni náà lórí fóònù. Èsì tó gbà ni pé, "Ṣebí free beat ni?"

Láti ọjọ́ yẹn la ti mọ̀ pé àríyànjiyàn lórí ààlà orin kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn tí kò níṣẹ́. Ibi tí kò bá ti sí ààlà, ẹni tó bá lágbára jù ni yóò roko ibẹ̀. Ohun tí a fẹ́ sọ kò gùn: mara ní ààlà. Etí la fi ń mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ń ṣe é ló yẹ kó fa ààlà náà. Kí gbogbo wa sì jọ̀wọ́, ká yé pè é ní "street".

Fún ẹni tí kò bá mọ ohun tí à ń wí: láti nǹkan bí ọdún 2020 ni orin yìí ti ń rú jáde láti inú yàrá àwọn ọ̀dọ́ ní Èkó, tí TikTok àti WhatsApp sì ń gbé e kiri. Àwọn kan ń pè é ní cruise beat, àwọn kan ní free beat, àwọn kan ní mara. Lára àwọn tí orúkọ wọn ti jáde nínú rẹ̀ ni DJ YK, DJ Cora àti DJ Khalipha. Laptop kan, fóònù kan àti etí tó mú ti tó láti ṣe é. Wọ́n á gba ohùn kan nínú fídíò tó ń jà rànyìn: agbèrò, wòlíì, ọmọdé tó ń sunkún, ìyá tó ń ṣépè. Wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á tò ó sórí ìlù tó ń sáré, ó di ijó. Nínú orúkọ mẹ́ta yẹn, mara la mú. Cruise ń sọ fáráyé pé eré là ń ṣe. Free beat ń sọ iye tí wọ́n ń tà á. Ta ló ń fi ìyẹn sọ ọmọ lórúkọ? Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, a kì í wo àpò.

Kì í ṣe àwa la kọ́kọ́ dá irú ẹ̀ṣẹ̀ yìí nídìí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ní 1996, Eric Kemp ṣe ọ̀nà kan tí a lè gbà kọ orúkọ orin àti ti olórin sínú fáìlì MP3 fúnra rẹ̀. ID3 là ń pè é. Báìtì 128 péré ni gbogbo rẹ̀, ìdí fáìlì ló sì máa ń wà. Nínú 128 yìí, báìtì kan ṣoṣo ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún irú orin. Kì í gba ọ̀rọ̀. Nọ́mbà ló ń gbà, nọ́mbà kọ̀ọ̀kan sì dúró fún irú orin kan nínú àtòjọ 80. Ẹ wá àtòjọ náà, ẹ kà á. Blues ni nọ́mbà 0. Polka, ijó àwọn òyìnbó, ni 75. Pranks wà níbẹ̀, ìyẹn ni pé ẹni tó bá ń fi fóònù ṣe awàdà fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní nọ́mbà tirẹ̀. Fújì ò sí níbẹ̀. Àpàlà ò sí. Highlife ò sí. Jùjú ò sí, bẹ́ẹ̀ láti 1982 ni King Sunny Adé ti gbé jùjú lọ sí ọjà àgbáyé. Fela ṣì wà láàyè nígbà náà, Afrobeat rẹ̀ ò sí. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣàánú wa, wọ́n fi Ethnic sí 48, wọ́n sì fi Tribal kún un.

Èyí tó tún pani lẹ́rìn-ín ni pé, ẹni tó bá fi òdo síbi irú orin nítorí kò mọ ohun tí yóò kọ, kọ̀ǹpútà á ní Blues ni. Tí ẹ bá ti ra CD orin tí wọ́n kó pọ̀ ní Alaba rí, tí ẹ fi sínú kọ̀ǹpútà, tí ẹ rí i pé Àyìnlá Ọmọwúrà ti di olórin Blues, báìtì kan ṣoṣo yẹn ló fà á. Ẹni tó ṣe àtòjọ náà kò kórìíra wa. Ó kàn jókòó sí yàrá tirẹ̀ bí àwa náà ṣe jókòó sí yàrá tiwa ní Yaba, ó ka àwọn orin tó mọ̀, ó sì rò pé ó ti parí. Bẹ́ẹ̀ ni orin èèyàn ṣe ń sọnù: ẹnì kan kàn rò pé òun ti ka gbogbo rẹ̀ tán.

Ó yá, ká wá sọ ti "street". Street-hop, street-pop: orúkọ tí àwọn oníròyìn fi ń pe gbogbo orin tó bá ti ń ta sánsán Mushin, Agége àti Bariga nìyẹn. Àwọn tó ń fúnni ní Headies pàápàá ní ẹ̀bùn kan tí wọ́n ń pè ní Street-Hop. Ẹ wo àwọn tí wọ́n máa ń kó sínú apẹ̀rẹ̀ kan yìí: DaGrin tó fi Yorùbá rápù, Ọlámidé, Zlatan, Naira Marley, Portable, àti àwọn tó ń ṣe mara tí wọn kì í kọrin rárá. Kí ló pa wọ́n pọ̀? Ìlù wọn ò jọra. Ohùn wọn ò jọra. Ijó wọn ò jọra. Àdírẹ́sì nìkan ló kù.

Àdírẹ́sì yẹn gan-an ò dúró lójú kan. Surulere ni Wizkid ti wá, ó sì kọ "Ojuelegba" ní 2014, orin tó fi orúkọ ìkóríta wa ṣe àkọlé. Ṣé wọ́n kó o sí street-pop? Rárá o. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ kan sì dé pẹ̀lú orin pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tí wọ́n ń pè ní alté, ta ló béèrè àdúgbò tí wọ́n ń gbé? Wọ́n bi wọ́n léèrè bí orin wọn ṣe ń dún, wọ́n sì gba orúkọ tí wọ́n fún ara wọn. Torí náà, "street" kì í ṣe irú orin, kò tilẹ̀ jẹ́ àdúgbò lódodo. Ohun tó ń sọ ni pé: ẹ̀yin wọ̀nyí, ẹ ò tíì di èèyàn, ẹ dúró síta ná. Ẹni tí a bá ní kó dúró síta, kì í bá wa jókòó nígbà tí a bá ń pín ẹran.

Àwọn mìíràn wà tí tiwọn dà bí ẹni pé ó sàn. Wọ́n ní, "Ẹ fi sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni Afrobeats." Ẹ gbọ́ ná. Ojú ọ̀nà Agege Motor Road ní Mushin ni ilé Fela wà, èyí tí àwọn sójà dáná sun ní February 1977. Fela sọ orin rẹ̀ ní Afrobeat, ó sì mọ ohun tó ń pè bẹ́ẹ̀: ìlù Tony Allen, fèrè, orin tó lè gba ojú kan gbáko nínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù. Nígbà tó di nǹkan bí 2011, àwọn ará London fi "s" kan kún un, wọ́n sì da gbogbo orin ijó tó ń bọ̀ láti Nàìjíríà àti Ghana sínú rẹ̀. Lónìí, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ní àtòjọ Afrobeats láti 2020, Billboard ti Amẹ́ríkà sì ní tirẹ̀ láti 2022. Ó dáa bẹ́ẹ̀. A ò bínú sí owó tó wọlé. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tó bá bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀, kò tọ́ka sí nǹkan kan. Lágbo Afrobeats, ẹni tó mú maikrofóònù ni olórin. Nínú mara, kò sẹ́ni tó mú maikrofóònù. Tí a bá wá fi òfin àgbo yẹn ṣèdájọ́ tiwa, ẹni tó ṣe iṣẹ́ ni yóò pòórá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ Mushin gan-an nìyẹn.

Báwo la ṣe máa wá fa ààlà náà? Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá, tó kọ́ni ní Yunifásítì Èkó ní Akoka, kò jìnnà sí yàrá tí a ti ń kọ èyí, gbé ìwé ńlá kan jáde lórí ìjálá ní 1966. Lára ohun tó fi yé wa ni pé àwọn Yorùbá kì í fi kókó ọ̀rọ̀ nìkan ya ewì wọn sọ́tọ̀. Oríkì kan náà ni ọdẹ lè fi sun ìjálá, kí òjẹ̀ fi pe ẹ̀sà, kí onírárà fi sun rárà. Ọ̀rọ̀ lè jọ ọ̀rọ̀. Bí ohùn ṣe ń jáde ló ń yàtọ̀. Kò sí àgbàlagbà tó máa gbọ́ ẹ̀sà tó máa ní ìjálá ni. Kò ní béèrè àdúgbò, kò ní ka iye ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀. Á fetí sí bí ohùn ṣe ń ṣe, ọ̀rọ̀ parí.

Àwa náà jókòó, a fetí sílẹ̀. Àmì mẹ́ta la rí lára mara.

Àkọ́kọ́: ọ̀rọ̀ sísọ ló ń di ìlù. Ẹ ronú sí i. Dùndún máa ń sọ ìlù di ọ̀rọ̀. Onílù á lù ú, ẹni tó létí á gbọ́ oríkì bàbá rẹ̀. Mara yí i padà. Ó mú ọ̀rọ̀, ó sọ ọ́ di ìlù. Nítorí pé èdè wa ní òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, gbólóhùn kan tí ìyá kan fi ìbínú sọ ti ní orin nínú tẹ́lẹ̀. Tí wọ́n bá gé e, tí wọ́n yí i po lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, orin inú rẹ̀ á yọ síta. Ìtumọ̀ rẹ̀ á máa rọlẹ̀, ohùn rẹ̀ á máa gbérí. Wọ́n lè mú ohùn ọmọ Ìgbò tó ń sọ Pidgin, wọ́n lè mú ti Mállàm, wọ́n á ṣe é bákan náà. Torí náà, Yorùbá kọ́ ni ààlà. Bí wọ́n ṣe ń lo ohùn ni ààlà.

Èkejì: ẹsẹ̀ oníjó ló ń darí rẹ̀. Kò sí "ẹsẹ kìíní, ègbè, ẹsẹ kejì". Ìlù á gùn, á já, á dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá kan kí oníjó lè da ara rẹ̀ sílẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá jókòó sórí àga gbọ́ ọ, ó lè dà bí ariwo. Ẹ bọ́ sí àárín agbo, ẹ ó mọ ìdí tó fi dákẹ́ níbi tó dákẹ́.

Ẹ̀kẹta: ẹni tó ṣe é wà nínú rẹ̀, ó ń pe orúkọ ara rẹ̀. Nítorí kò sí akọrin níwájú, ariwo orúkọ yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ara orin ni. Òun ló ń sọ ilé tó ti wá, bí oríkì ṣe ń sọ ọ́. Ẹni tó bá gé e kúrò kò tún orin náà ṣe o, ó gbé e kúrò nínú ilé bàbá rẹ̀ ni.

Ẹ ó kíyè sí i pé a ò ka eré sísá mọ́ ọn. Lóòótọ́, amapiano máa ń rìn ní nǹkan bí ìlù 112 ní ìṣẹ́jú kan, mara sì máa ń sáré jù ú lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi fóònù sún orin kan síwájú kó lè máa sáré, kò tíì ṣe mara. Ó kàn kánjú ni.

Ẹ jẹ́ ká fi àmì wọ̀nyí dán àwọn orin tí gbogbo wa mọ̀ wò. Zanku ti Zlatan, tó dá ijó sílẹ̀ ní ìparí 2018: ẹsẹ̀ ló ń darí, àmọ́ ẹni tó ń rápù wà níwájú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì fẹ́ kí o gbọ́ òun. Ará ilé kejì ni, kì í ṣe mara. "ZaZoo Zehh" tí Portable gbé jáde pẹ̀lú Ọlámidé àti Poco Lee ní 2021: ohùn Portable fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlù, a jiyàn lórí rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, àmọ́ olórin ló wà lórí àga. Òde ààlà ló wà, ó fara ti ọgbà. Aṣákẹ́? Fújì àti amapiano pẹ̀lú ègbè bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dùn, kì í ṣe ibí. Ìwàásù pásítọ̀ kan tí wọ́n gé, tí "àmín" rẹ̀ di ìlù, tí ẹsẹ̀ ń bá a lọ? Inú mara gbáko ni, bí pásítọ̀ ò bá tiẹ̀ fẹ́. Orin tí a gbọ́ níbi ìgbéyàwó yẹn ńkọ́? Òun kì í ṣe mara mọ́, torí akọrin ti jókòó sórí rẹ̀. Àmọ́ inú mara la bí i sí, ó sì yẹ kí ìwé rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀.

A mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní orin dà bí omi, ẹni tó bá fi odi yí i ká, ó fẹ́ kó gbẹ. Ẹ ti rí oko Yorùbá rí? Pèrègún ni wọ́n fi ń pààlà. Pèrègún kì í ṣe odi. Ewúrẹ́ ń gba àárín rẹ̀ kọjá, ọmọdé ń gba ibẹ̀ lọ sódò, àwọn tó ni oko méjèèjì ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ara wọn. Ohun kan ṣoṣo tó ń ṣe ni pé, tí iṣu bá ta, gbogbo ayé mọ ẹni tó gbìn ín.

Ẹ wo fújì. Láti inú wéré tí wọ́n fi ń jí àwọn mùsùlùmí lóru àwẹ̀ ló ti jáde. Síkírù Àyìndé Barrister fún un lórúkọ, ó ní Òkè Fuji ti ilẹ̀ Japan ni òun ti rí i. Ṣé orúkọ yẹn pa á? Kollington mú bàtá wọ inú rẹ̀, K1 kó kíbọ́ọ̀dù àti sakisofóònù wọlé, fújì ṣì ń jẹ́ fújì. Ẹ wo amapiano. Àwọn ọmọ South Africa di orúkọ yẹn mú ṣinṣin. Ìlù log drum wọn ti kún gbogbo Èkó, àmọ́ nígbà tí Aṣákẹ́ àti Ọlámidé lò ó ní 2023, orúkọ orin tí wọ́n ṣe gan-an ni "Amapiano". Orin yẹn wà lára márùn-ún tí wọ́n yàn fún ẹ̀bùn Grammy tuntun ti orin Áfíríkà, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fúnni ní February 2024. Tyla, ọmọ South Africa, ló gbà á lọ, ìlù amapiano sì wà nínú "Water" tó fi gbà á. Ọmọ Nàìjíríà ló kọ ọ́, síbẹ̀ ará ayé mọ ilé tí ìlù náà ti wá. Ohun tí orúkọ ń ṣe fún èèyàn nìyẹn. Ṣé mara máa lọ báyẹn lọ́jọ́ kan, àbí wọ́n á kàn sọ pé ìlù kan wá láti "street"?

Àwọn kejì á ní, "Ẹ̀yin lẹ pè é ní free. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ jẹ́ ká jẹ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́." Orí wa wú nígbà tí a gbọ́ eléyìí, torí pé inú ọ̀fẹ́ làwa náà ti ń jẹun. Kóòdù tí àwọn ẹlòmíràn kọ tí wọ́n sì fi sílẹ̀ fáráyé ló gbé áàpù wa dúró. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ tiwa ní ìwé. Láti 1989 ni Richard Stallman ti gbé ìwé àṣẹ GPL jáde: mú un, lò ó, tún un ṣe, àmọ́ má ṣe pa orúkọ ẹni tó kọ ọ́ rẹ́. Ìwé àṣẹ MIT tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò kò gùn ju ojú ìwé kan lọ, òun náà sì sọ pé orúkọ ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e níbikíbi tó bá lọ. Ọ̀fẹ́ kò túmọ̀ sí aláìlórúkọ. Ẹni tí a fún lómi mu, tó wá ń bá wa jiyàn pé kànga ò ní baba, olè ni.

Ọ̀rọ̀ kẹta ló nira fún wa, a ò sì ní yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ìyá ọlọ́jà yẹn ńkọ́? Ohùn rẹ̀ ló gbé orin náà. Ṣé ẹnì kan bi í? Rárá. Ọmọ Mushin gba ohùn rẹ̀ nínú fídíò bí ẹni náà ṣe gba bíìtì lọ́wọ́ ọmọ Mushin. A sọ ọ́ fún un, ó dákẹ́ pẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ibo ni mo ti fẹ́ rí i?" Òótọ́ ni pé kò rọrùn. Àmọ́ a ò lè máa ké pé wọ́n gé orúkọ wa kúrò, ká sì máa gé orúkọ ẹlòmíràn. Tí a bá mọ ẹni tó lóhùn, ká dárúkọ rẹ̀, kí owó tó bá wọlé kàn án. Tí a ò bá mọ̀ ọ́n, ká kọ ibi tí a ti rí ohùn náà, kí ọ̀nà àtirí i má bàa dí. Ẹni tó fẹ́ kí wọ́n mọ ààlà oko òun, kó kọ́kọ́ mọ ti aládùúgbò rẹ̀.

Kí ló wá yẹ ká ṣe? Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe mara, ẹ fi ìlà kan péré tẹ̀lé gbogbo bíìtì tí ẹ bá jù síta: "Ẹ lò ó, ẹ dárúkọ mi, tó bá di owó, ẹ pè mí." Ẹ kọ mara síbi irú orin, kó tiẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ máa tẹ̀ ẹ́ fúnra yín. Ẹ pàdé, kí ẹ jiyàn lórí àmì mẹ́ta wa yìí. Tí ẹ bá ní a ṣì í, ẹ ṣàtúnṣe rẹ̀, ẹ̀yin lẹ ni oko. Àwa kàn bá yín ru pèrègún wá ni. Ẹ̀yin oníròyìn, ẹ yé béèrè àdúgbò, ẹ fetí sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ kóòdù bíi tiwa, ọ̀dọ̀ yín lọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù. Àtòjọ tí ẹ bá kọ lálẹ́ ọjọ́ kan lè di òfin tí ọmọ ẹlòmíràn máa gbé láyé.

Àwa ti tún tiwa ṣe. A yọ nǹkan mọ́kànlá náà kúrò. Ibi irú orin ti di àyè òfìfo tí olórin máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ sí. A fi àyè kan kún un fún ẹni tó ṣe bíìtì, fọ́ọ̀mù ò sì ní kọjá tí ibẹ̀ bá ṣófo. A fi òmíràn kún un fún ẹni tó lóhùn. Iṣẹ́ ọ̀sán kan péré ni. Ohun tó dùn wá jù nìyẹn, pé iṣẹ́ ọ̀sán kan ni, a ò sì ṣe é títí wọ́n fi rẹ́ ọmọ ọlọ́mọ jẹ.

A pe ọmọ Mushin padà. Ó ti ra laptop mìíràn, bọ́tìnì rẹ̀ pé. Ó ṣí orin mẹ́tàdínlógún náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó pa "Òmíràn" rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́tàdínlógún, ó kọ "mara" sí i lẹ́ẹ̀mẹ́tàdínlógún. Lára orin ìyá ọlọ́jà, níbi ẹni tó lóhùn, ó kọ ọ́ pé: "Ìyá kan lọ́jà. Mò ń wá wọn."

Tó bá di Sátidé, tí DJ bá tẹ ọ̀kan, ẹ jó o, ẹ jó o dáadáa. Tó bá dákẹ́, kí ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé: ta ló ṣe é?